Ọjọ́ Tí Mo Fi Alùpùpù Sílẹ̀ Nílẹ̀

Àpá kan wà ní ojúgun ọ̀tún mi, níhà inú. Ó gùn tó ìka mẹ́ta, ó sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Àwọn ọmọ Pólì tó háyà yàrá nínú ilé mi ní Ọ̀wọ̀ kì í yé wò ó nígbà tí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mọ́mì, ẹ máà bínú o. Kí ló jó yín lẹ́sẹ̀?"

Mo ní, "Ìwé ẹ̀rí mi nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ lọ́jọ́ náà: èwo ló níyì, èwo ni kò níyì, èwo ni yóò tètè gbé ènìyàn dókè. Mo gbọ́ títí, mo ní kí wọ́n lọ gbé àga wá. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu a máa bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, tí mò ń gun alùpùpù gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri àwọn abúlé Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tó bá wa pààlà. Àwọn kan ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe nọ́ọ̀sì gan-an. Àwọn mìíràn ń pè mí ní Ìyá Alùpùpù, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn kan nínú: mo kàwé rẹ̀, wọ́n pè mí, mo lọ. Owó oṣù a máa dé nígbà tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, alùpùpù kan ṣoṣo ló wà fún iṣẹ́ abúlé. Kì í ṣe ọ̀kadà fúyẹ́fúyẹ́ tí ẹ ń rí lójú títì lónìí. Táńkì rẹ̀ yọ bí ikùn màlúù. Bí mo bá jókòó lé e, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni Ọ̀gá Adélúsì, ọmọ Àkókó kan tó ti fi alùpùpù kó lẹ́tà ìjọba kiri fún ogún ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ di olùkọ́ fún àwa tí a ń lọ sí abúlé. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Èdè Àkókó tirẹ̀ àti èdè Ọ̀wọ̀ tèmi kò gbọ́ra wọn dáadáa, nítorí náà Yorùbá inú ìwé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó bá sọ a sì máa dún létí mi bí òfin.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọ ṣòkòtò, mo di irun mi, mo ti múra tán láti fò lé e. Ọ̀gá rọra tẹ́ alùpùpù náà sórí yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì, bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ó gbọn ọwọ́ nù.

"Gbé e dìde."

"Ọ̀gá, ṣé kí n gùn ún ni?"

"Ṣé mo ní kí o gùn ún? Gbé e dìde."

Mo kọjú sí i, mo di apá rẹ̀ méjèèjì mú, mo fà. Kò mira. Mo tún fà. Eegun ẹ̀yìn mi dún kẹ́! Ọ̀gá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ìwọ lò ń fa alùpùpù ni, àbí alùpùpù ló ń fà ọ́?"

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀. Òun á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á ní "Gbé e dìde," èmi á sì fà títí aṣọ mi á fi rin ṣìnkìn fún òógùn. Àwọn akọ̀wé a máa yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀kan wà nínú wọn tó fẹ́ kí wọ́n gbé alùpùpù náà fún àbúrò òun. Òun ló máa ń ké pé, "Nọ́ọ̀sì, ìdí ìkòkò ń pè ọ́ o! Ọbẹ̀ ti fẹ́ jóná!" Àwọn yòókù á sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí n kò bá lè gbé e, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn, èmi yóò sì máa jókòó sí ọ́fíìsì, máa to ìgò oògùn títí màá fi darúgbó. Mo ti búra nínú ara mi pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi, inú bíbí náà ló sì ń jẹ́ kí apá mi máa gọ̀, nítorí òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà, omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi."

Ó ju ṣùkù àgbàdo nù, ó dìde kíá, bí ẹni pé ìjókòó náà ti ń jó o nídìí.

"Láti ọjọ́ tí o ti dé ni mo ti ń retí gbólóhùn yẹn. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Agídí rẹ pọ̀ ju agbára rẹ lọ." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o ti pọnmọ rí?"

"Mo ti pọn àwọn àbúrò mi."

"Bí ọmọ bá wúwo lẹ́yìn rẹ, tí o lóṣòó, tí o fẹ́ dìde, ṣé apá lo fi ń dìde?"

"Rárá o, Ọ̀gá. Itan ni."

"Kí ló wá dé tí o ń fi apá gbé èyí?"

Ó kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ ó lò ó lọ́jọ́ kan. Bí alùpùpù bá ṣubú, pa á, kí o sì ti ojú epo rẹ̀ kí epo má baà tú dànù. Sọ ẹrù tó bá wà lórí rẹ̀ kalẹ̀. Ki jíà bọ̀ ọ́ kí táyà má baà yí. Bó bá jẹ́ pé apá ọ̀tún ló fi lélẹ̀, fa ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ jáde kó tó di pé o gbé e, kó lè rí ohun gbára lé bó bá fẹ́ ré kọjá sí apá kejì. Yí orí rẹ̀ dé ìpẹ̀kun sí ìhà ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í gbà gbọ́: kọ ẹ̀yìn sí i. Lóṣòó, fi ìdí ti etí ìjókòó rẹ̀. Fi ọwọ́ kan di apá rẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ mú, fi èkejì di irin ẹ̀yìn tí a ń di ẹrù mọ́. Má fi ọwọ́ fà á, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ na gbọọrọ. Itan ni kó ṣiṣẹ́. Kí o máa fi ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ rìn sẹ́yìn títí yóò fi dúró.

"Má sì wò ó," Ọ̀gá ní. "Wo igi ọsàn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ẹni tó bá ń wo ohun tó ṣubú, ó fẹ́ ṣubú tì í ni."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo wo igi ọsàn. Mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Alùpùpù náà dún kííì, ó dìde díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. N kò mọ ìgbà tí mo kígbe. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rọra ti fèrèsé.

Oṣù kan gbáko ni mo fi ń gbé e, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láràárọ̀, kí Ọ̀gá tó jẹ́ kí n tẹ iná rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kò kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Gbogbo ènìyàn ló lè gun nǹkan yìí. Mò ń fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nítorí pé o lè gbé e dìde. Aráàlú ló ni ín. Ọjọ́ tí o bá fi í sílẹ̀ nílẹ̀, tí o bá tìrẹ lọ, má wá ṣàlàyé kankan fún mi. Kọ́kọ́rọ́ ni kí o mú wá."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọkùnrin méjì wà ní ọ́fíìsì wa tí Ọ̀gá ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń ké láti ojú fèrèsé pé ọbẹ̀ ń jóná.

Ìdáṣen ni ìrìn àkọ́kọ́ tí mo dá rìn. Bí mo ṣe fẹ́ wọ abúlé ni mo rí àwọn bàbá kan lábẹ́ igi máńgòrò létí ọ̀nà, wọ́n tó márùn-ún. Ẹ̀yin náà ẹ gba tèmi rò. Ọmọ wo ni yóò rí àgbà márùn-ún tí yóò gbé orí sókè kọjá bí ẹṣin? Ẹjọ́ rẹ̀ yóò ti dé ilé bàbá mi kí èmi tó padà délé. Mo dẹ iná, mo mú ọwọ́ ọ̀tún kúrò, mo sì tẹ orúnkún kí n lè kúnlẹ̀ díẹ̀ fún wọn lórí alùpùpù.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin b—"

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti tẹ òkúta wẹ́wẹ́. Gbì! Mo ti wà nílẹ̀.

"Yéè! Pẹ̀lẹ́ o! Ẹ gbà á o!"

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ènìyàn bá ṣubú lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í dúró béèrè bí a ṣe ń gbé e. Ọ̀kan di orí alùpùpù mú, ọ̀kan di ìrù rẹ̀, ọ̀kan ń fa táyà, ọ̀kan ń fa èmi fúnra mi, ẹnì karùn-ún ń pàṣẹ. Ó dìde, ó sì ré kọjá lọ sí apá kejì. Dígí rẹ̀ fọ́ yángá. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣé o, ẹ bá mi sún sẹ́yìn díẹ̀." Mo ṣe gbogbo bí Ọ̀gá ti kọ́ mi, mo yí ara padà, mo sì lóṣòó.

Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún ẹnì kejì pé, "Ó ti bá a jà. Ó ti kẹ̀yìn sí i."

Nígbà tí alùpùpù dìde, ẹnu wọn kò lè padé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Bàbá Àgbà tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wá bá mi gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí ìjókòó.

"Ọmọ mi, o káre, o mọ èèyàn kí. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí a bá ti rí ọ lórí ẹran onírin yìí, a ti gbà pé o ti kúnlẹ̀. Họ́ọ̀nù ni kí o fi kí wa."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fun họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu ọ̀nà Ìdáṣen, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi dá mi lóhùn láti abẹ́ igi: "Má kúnlẹ̀ o!" Àwọn ọmọdé gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ mi. Bàbá Àgbà ti lọ tipẹ́, igi máńgòrò náà ti wó, wọ́n ṣì ń ké e.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyẹn. Fíríìjì elépo là ń lò nígbà náà, èéfín rẹ̀ a máa kun ògiri. Bí epo bá tán lóru, abẹ́rẹ́ á ti bàjẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Kúlà tí a ń kó abẹ́rẹ́ sí pẹ̀lú omi dídì, okùn rọ́bà ni mo fi ń dè é mọ́ irin ẹ̀yìn alùpùpù. Mo mọ gbogbo gegele ọ̀nà láti Ìdáṣen títí dé Ìfọ̀n, mo mọ ajá tó máa lé mi àti èyí tó kàn ń gbó lásán. Nígbà tí wọ́n fi àwọn abúlé Ọ̀sẹ́ kún iṣẹ́ mi, alùpùpù náà ló ń gbé mi lọ síbẹ̀. Mo ṣubú níbi púpọ̀, gbogbo ibi tí mo ṣubú sí ni mo sì ti gbé e dìde. N kì í ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì wa tó lè gbé e kíá tó mi.

Ó wá ku ọjọ́ òkè Ìmẹ̀rí.

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ̀ ni mo wà, mo wá kó abẹ́rẹ́ àjẹsára, nígbà tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú kékeré ní Ìmẹ̀rí ló ń pè. Ọká ti bu àgbẹ̀ kan ṣán níbi tó ti ń ro oko iṣu. Dáre ni orúkọ rẹ̀, ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé itan, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò lọ́dọ̀ wọn, odò sì ti bo ojú ọ̀nà, mọ́tò kankan kò lè kọjá. Afárá onígi tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà nìkan ló kù, ìyẹn sì gba alùpùpù.

Dókítà ọsibítù Ọ̀wọ̀ tó kó abẹ́rẹ́ oró ejò náà fún mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Kílẹ̀ tó ṣú o, ẹ̀gbọ́n."

Mo kọjá afárá. Omi ń lá ìsàlẹ̀ pátákó, mo rọra ti alùpùpù kọjá ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè, ilẹ̀ pupa tí òjò ti sọ di ọṣẹ. Mo gùn ún dé ààbọ̀. Táyà ẹ̀yìn yọ̀, alùpùpù fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì fi èmi sábẹ́. Sálẹ́ńsà gbígbóná dùbúlẹ̀ lé mi ní ojúgun. Mo gbọ́ bí ara mi ṣe ń dún bí ẹran nínú epo. N kò mọ bí mo ṣe fa ẹsẹ̀ náà yọ. Nígbà tí mo fẹ́ dúró, ọrùn ẹsẹ̀ kejì kò gbà, ó ti yẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo tú kúlà, mo gbé e sórí koríko. Kò fọ́. Mo wá kọjú sí alùpùpù, mo fi apá fà á bí mo ti ń ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni tí wọn kò kọ́ rí. Ìkánjú ló gbà mí lórí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ṣe é bó ti yẹ. Mo kẹ̀yìn sí i, mo wo orí òkè, mo tì. Ó dìde dé ààbọ̀, ẹrẹ̀ fa ẹsẹ̀ mi, a jọ jókòó padà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dìde pátápátá. Ó dúró! Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ mi yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹsẹ̀ ìdúró alùpùpù rì sínú ẹrẹ̀, ó ré kọjá sí apá kejì, ó yí wọ inú kòtò etí ọ̀nà, táyà rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ọ̀run.

Mo jókòó sí ẹrẹ̀. Ẹni mẹ́fà ni yóò gbé èyí jáde, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo tún ń rá pálá lọ síbi kòtò náà. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe Dáre ni mo ń rò ní ìṣẹ́jú náà. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ọ̀gá Adélúsì ni mo ń rí, tó na ọwọ́ sí mi. Akọ̀wé ojú fèrèsé ni mo ń rí. Ọdún mẹ́rìnlá tí n kò fi í sílẹ̀ nílẹ̀ rí ni mo ń rí.

Mo wẹ̀yìn wo kúlà. Omi ti ń kán ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi dídì ń yọ́.

Mo dìde, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lára alùpùpù, mo tú ìró tí mo wé mọ́ ṣòkòtò, mo sì fi pọn kúlà náà sẹ́yìn, mo dè é níwájú bí a ti ń de ọmọ. Mo ṣẹ́ igi, mo fi ṣe ọ̀pá. Mo kẹ̀yìn sí alùpùpù, lọ́tẹ̀ yìí n kò lóṣòó. Mo ń rìn lọ.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí mo rí ilé àkọ́kọ́ ní Ìmẹ̀rí. Ìyá Dáre ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti sọ fún un pé nọ́ọ̀sì alùpùpù ń bọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹrẹ̀ ara mi.

"Nọ́ọ̀sì, alùpùpù dà?"

"Ó sùn sọ́nà, Mà."

"Kí wá lo pọ̀n?"

"Ọmọ yín ni, Mà."

Ó bú sẹ́kún, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó sì fi èjìká ara rẹ̀ ṣe ọ̀pá fún mi títí dé ilé ìtọ́jú. A fún Dáre ní abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dá, ó sì béèrè ẹ̀bà. Àgbẹ̀ tó bá ti béèrè ẹ̀bà kò kú mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin méje gbé òpó ọparun méjì, wọ́n lọ gbé alùpùpù jáde nínú kòtò bí ẹni gbé ọba. Wọ́n fọ̀ ọ́ lódò. Wọ́n rò pé inú mi yóò dùn. Èmi, kọ́kọ́rọ́ ni mo dì mọ́ ọwọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣe é tẹ̀, mo lọ bá Ọ̀gá ní Ọ̀wọ̀. Ó kù díẹ̀ kí òun náà fẹ̀yìn tì. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ló jókòó sí. Mo kúnlẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo fi í sílẹ̀ nílẹ̀. N kò wá ṣàlàyé."

Ó wo ojú ọgbẹ́ mi. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbé e?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"O kẹ̀yìn sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta."

"Àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Mo sọ orí kọ́. Ó fi imú rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀." Ó mú ìwé ńlá tí a ń kọ ìrìn alùpùpù sí, ó ṣí i, ó gbé bírò. "Kí ni orúkọ ẹni tó yè?"

"Dáre ni, Ọ̀gá."

Ó kọ ọ́ bó ti máa ń kọ̀wé, gàdàgbà gàdàgbà: *A fi í sílẹ̀ ní òkè Ìmẹ̀rí. Dáre yè.* Ó pa ìwé dé. Ó fi ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́rọ́ náà padà sọ́dọ̀ mi.

"Bí a ṣe ń gbé e dìde, èmi ni mo kọ́ ọ. Bí a ṣe ń fi í sílẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n kọ́ ènìyàn. Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ, kí o dìde. Òjò ń bọ̀, abẹ́rẹ́ Ìdáṣen ṣì wà nílẹ̀."

Ọ̀gá ti sùn nínú ilẹ̀ ní Ọ̀kà Àkókó báyìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ní gbogbo ìgbà iṣu tuntun, Dáre máa ń gbé iṣu wá fún mi. Kì í pè mí ní Nọ́ọ̀sì. "Ìyá tó pọ̀n mí" ló ń pè mí, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti hewú.

Àwọn ohun èlò wá yí padà. Fíríìjì tó ń lo oòrùn dé, èéfín kúrò lára ògiri. Kúlà tuntun dé, tó lè gbé omi dídì fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gba alùpùpù àtijọ́, wọ́n gbé òmíràn fún mi, kékeré, tó jẹ́ bọ́tìnnì ni ènìyàn kàn ń tẹ̀ tó fi ń bú. Mo bú u fún ọ̀sẹ̀ kan pé ohun ìṣeré ọmọdé ni, lẹ́yìn náà orúnkún mi bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ òkè Ìmẹ̀rí kò yí padà. Ohun tó bá ṣubú níbẹ̀, itan ló ṣì ń gbé e.

Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin kan láti Àkókó ni wọ́n fi rọ́pò mi, Ṣọlápé. Ó kéré, ó sanra díẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó rí àyè tẹ́ alùpùpù sílẹ̀ fún un bí Ọ̀gá ti ṣe, òun fúnra rẹ̀ ti gbé e ṣubú níwájú ọ́fíìsì. Àwọn ọkùnrin ti ń sáré bọ̀. Mo na ọwọ́ sókè, wọ́n dúró. Mo ti ń wá bẹ́ǹṣì tí màá jókòó lé, mo ti ń ka ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ó wò mí. "Mọ́mì, mi ò mọ̀ ọ́n gbé o. Ẹ wá kọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ìṣẹ́jú kan kò pé! Ọmọ náà gbọ́n jù mí lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe, n kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọ́ yín bí a ṣe ń gbé e dìde, kí ẹ sì tètè bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi eré sísá hàn yín, ẹ ṣọ́ra fún un.

Mo kọ́ Ṣọlápé fún oṣù kan. Mo mú un dé Ìdáṣen, wọ́n ké "Má kúnlẹ̀ o!" fún un, ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo fi ìgúnpá gún un. Lọ́jọ́ tí mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, èmi náà kò kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo sọ òfin Ọ̀gá fún un, mo sì fi tèmi lé e: "Bó bá wá jẹ́ pé nítorí kí ẹnì kan lè yè lo ṣe fi í sílẹ̀, má mú kọ́kọ́rọ́ wá. Orúkọ ẹni náà ni kí o mú wá."

Lóṣù tó kọjá, láàárọ̀ kùtùkùtù, fóònù mi dún.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀, Mà." Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. "Mo fi í sílẹ̀ lánàá o, Mà. Lẹ́bàá odò, lọ́nà Ìmẹ̀rí. Mo gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹrẹ̀ kò gbà. Aboyún kan ló wà nínú ìrora lóko, kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bá fi ẹsẹ̀ rìn."

Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi ti lọ síbi àpá ojúgun mi, n kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Ṣọlápé," mo ní, "kí ni orúkọ ẹni tó yè?"

Mo wá ń gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ nínú fóònù, ohùn tín-ín-rín kan tó ń ké, tó ń bínú sí gbogbo ayé.

"Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Fúnmi, Mà, ara rẹ̀ le," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹnì kejì, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Àná ni wọ́n bí i."